Ọmọ Tó Kan Ilẹ̀kùn Lójú Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá gbé mì tí kò dà nínú rẹ̀, ọ̀nà tó gbà wọlé náà ni yóò gbà jáde, ì báà ya ọ̀nà ọ̀fun. Ọ̀rọ̀ tí Bérénice gbé mì láti ìgbà òjò kò jẹ́ kó jẹun, kò jẹ́ kó sùn, títí di ọ̀sán dimanche, ọjọ́ Àìkú kan, tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ woro-woro ní Treichville, ní Abidjan, tó gun àkàsọ̀ ilé Sàlíhù ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì jókòó sórí àga tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Aṣọ tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Sàlíhù wà níbẹ̀, Hàbíbà ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Sidikatou, ẹ̀gbọ́n Sàlíhù obìnrin, náà wà níbẹ̀, ó jókòó ti àpò ìrìn-àjò kan tí wọ́n ti dì sẹ́nu ọ̀nà. Ràmílátù, ọmọ ọdún méjìlá tí Sàlíhù bí, ni wọ́n di àpò náà fún. Òun wà nínú yàrá lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó kán ṣì wà nínú ìdè funfun tí àwọn dókítà fi dì í.

Wọ́n rò pé ó wá kọ́ ọmọ náà ní mímí ni. Hàbíbà fúnra rẹ̀ ló pè é lórí fóònù lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó ní ọjọ́ mardi, Ìṣẹ́gun, ni wọn yóò gbé Ràmílátù lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú, àti pé òun gbọ́ pé wọ́n máa ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ kí wọ́n má baà sá. Ó wá bẹ Bérénice pé kó wá kọ́ ọmọ òun ní mímí tó máa ń kọ́ wọn níléèwé, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dè é. Ó ní nínú gbogbo àwọn olùkọ́, Bérénice nìkan ló ṣe dáadáa sí Ràmílátù, òun nìkan ló gbé èso wá sí ọsibítù, Ọlọ́run yóò san án fún un. Bérénice dúpẹ́, ó fi fóònù sílẹ̀. Ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó gbìyànjú láti mí bí òun fúnra rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Èémí náà kò wọlé.

Nítorí náà, nígbà tí Hàbíbà gbé omi wá, kò mu ún. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ sáàárín ilé.

"Ẹ má gbé ọmọ yín lọ síbì kankan," ni ó wí. "Orí rẹ̀ kò dàrú. Gbogbo ohun tó sọ fún yín, òótọ́ ni. Èmi ni mo purọ́."

Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má sì dá òun dúró, nítorí bí òun bá dúró, ojo tó wà nínú òun yóò tún borí.

Ará Àjàṣẹ́ ni ìdílé Bérénice. Akọ̀wé ìjọba Faransé ni bàbá rẹ̀ àgbà nígbà tó kọ́kọ́ dé Abidjan, olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, òun náà sì ń ti Anoumabo lọ ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Biétry. Nígbà tí òjò ńlá wó ògiri ilé-ẹ̀kọ́ náà, ọ̀gá wọn, Monsieur Hugues, kó gbogbo ẹ̀kọ́ sórí ẹ̀rọ. Kálukú ọmọ jókòó sílé níwájú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, orí wọn tò sójú ẹ̀rọ bí ẹyin adìyẹ nínú páálí. Kò pẹ́ tí nǹkan fi ń bàjẹ́. Ọmọ kan bú sẹ́kún láàárín ìṣirò. Òmíràn la fóònù ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òmíràn kàn ń wò, kò dáhùn, bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Àwọn òbí ń ráhùn, Hugues sì ní kí Bérénice wá nǹkan ṣe sí i.

Ó wá nǹkan ṣe sí i, ó sì ṣe é dáadáa. A kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀ṣẹ̀ èèyàn bo iṣẹ́ rere rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ya yàrá kékeré kan sọ́tọ̀ lójú ẹ̀rọ. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ bá ru sókè yóò tẹ àmì ọwọ́, yóò kúrò ní kíláàsì láì gba àṣẹ lọ́wọ́ olùkọ́, yóò wá kan ilẹ̀kùn Bérénice. Bérénice yóò ṣílẹ̀kùn fún un, yóò ní kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa, kó gbé ọwọ́ lé ikùn, kó fa afẹ́fẹ́ símú pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀, kó sì fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu bí ẹni tó ń mú ọbẹ̀ náà tutù. Bí ìyẹn kò bá tó, ọmọ náà yóò lọ bọ́jú, yóò wo ìta fèrèsé, yóò padà wá sọ ohun tó rí. Kò sí ìjìyà níbẹ̀, kò sí ìbéèrè, ẹni tó bá wù láti sọ̀rọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ìlérí kan ṣoṣo tí Bérénice ṣe fún wọn ni pé ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò kú sí. *Chez Tantie*, ilé Tàǹtí, ni àwọn ọmọ ń pe yàrá náà. Ẹkún dínkù. Ọmọ tó ń la fóònù mọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àmì ọwọ́ kí ìbínú rẹ̀ tó dé ọwọ́.

Ibẹ̀ ni Ràmílátù ti pàdé rẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, tí bàbá rẹ̀ ń ta àwo àti ìkòkò lọ́jà Treichville. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè nínú fóònù ọmọ mìíràn, bí bíréèkì bá han lójú pópó, àyà rẹ̀ yóò dì, ètè rẹ̀ yóò gbẹ, yóò sì wá kan ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí Bérénice kọ́kọ́ fi Yorùbá kí i, ọmọ náà gbójú sókè. Ó bi í pé, "Tàǹtí, ṣé ẹ gbọ́ Yorùbá ni?" Láti ọjọ́ náà ló ti fọkàn tán an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá tí òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tó lè sọ lọ.

Ó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé ní Gonzagueville, wọ́n ní ọmọkùnrin kékeré kan nílé, Mustaqeem, àbúrò rẹ̀. Ìyá wọn ń sinmi, Ràmílátù yọ jáde lọ ra alloco, dòdò, nísàlẹ̀ ilé, kò sì pa géètì dé. Mustaqeem tẹ̀ lé e jáde, ọkọ̀ sì gbá a lójú títì. Nígbà tí àwọn àgbà ń bèèrè ẹni tó ṣí géètì, Ràmílátù dákẹ́, wọ́n sì gbà pé afẹ́fẹ́ ló ṣí i. Faransé ni ọmọ náà fi sọ gbogbo èyí. Nígbà tó dé òpin, tí Faransé kò gbé e mọ́, ó bọ́ sí Yorùbá, ó ń pe òkú náà, ó ń ní, "Mustaqeem, dákun, mi ò mọ̀ pé o wà lẹ́yìn mi." Bérénice mú un mí. Ó sọ fún un pé ọmọdé ni, àti pé ẹrù àgbà ló gbé. Ó ní ọjọ́ kan yóò wà tí àwọn méjèèjì yóò jọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ọmọ náà gbà. Ó ní kí Tàǹtí ṣáà má jẹ́ kí bàbá òun kọ́kọ́ gbọ́.

Títí dé ibí yìí, Sàlíhù àti Hàbíbà ti mọ ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọn kò mọ̀ ló kàn.

Bérénice ní òun ti ń gba ohùn àti àwòrán àwọn ọmọ sílẹ̀ láì sọ fún wọn. Òun kọ́kọ́ ń tan ara òun pé kóun lè máa fi kọ́gbọ́n ni. Nígbà tó yá, Hugues fẹ́ fi han àwọn òbí bí yàrá náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní bó bá wọ̀ wọ́n lára, Bérénice ni yóò di olórí irú iṣẹ́ náà ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ní. Ó ní kó mú àpẹẹrẹ kan wá, èyí tó bá lè wọni lọ́kàn jù. Bérénice gbọ́ gbogbo èyí tó ní, ó mú ti Ràmílátù. Ó gé orúkọ ọmọ náà kúrò, ó bo ojú rẹ̀.

"Apá tó fi Yorùbá sọ, mo lè gé e kúrò," ni ó sọ fún wọn, ojú rẹ̀ nílẹ̀. "Èmi nìkan ló gbọ́ èdè yẹn nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà. Mo mọ̀ pé kò sí ọmọ Yorùbá mìíràn ní kíláàsì wọn. Mo fi í sílẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ló ń pani lẹ́kún jù. Ẹni tí kò gbọ́ ọ pàápàá yóò sunkún. Ohun tí mo rò nìyẹn, ẹ̀yin òbí rẹ̀. Mo jókòó, mo gbọ́ ẹkún ọmọ yín, mo sì rò pé yóò dára létí àlejò."

Hugues fi ohùn náà ránṣẹ́ sí gbogbo òbí lórí WhatsApp. Précieuse, ọmọ kíláàsì wọn kan, gbọ́ ọ lórí fóònù ìyá rẹ̀, ó mọ ẹni tó ni ohùn náà lójú ẹsẹ̀, ó sì sọ fún àwọn yòókù. Ní ti Sàlíhù, ìdí ìkòkò tó ń tà ló wà nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó pa ìsọ̀ dé, ó lọ sílé. Kò na ọmọ náà, kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó kàn ṣíwọ́ dídáhùn ìkíni rẹ̀ ni. Ọmọ yóò kúnlẹ̀ láàárọ̀, yóò ní ẹ káàárọ̀ Bàbá, Sàlíhù yóò sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Nígbà tó lọ bi ilé-ẹ̀kọ́ léèrè bí ohùn náà ṣe jáde, Hugues ní òun kọ́ ló fi í ránṣẹ́, àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló gba WhatsApp ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì jí ohùn náà fi ránṣẹ́. Bérénice wà ní ìjókòó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, olè ni.

Sidikatou ti fẹ́ dìde, Hàbíbà gbé ọwọ́ lé e lórúnkún. Hàbíbà ní kí Bérénice sọ èyí tó kù.

Bérénice ní ibẹ̀ gan-an ló burú jù, nítorí pé Hugues kò sí níbẹ̀, kò sí ẹni tó rán òun níṣẹ́. Àárọ̀ lundi, ọjọ́ Ajé, ni. Àwọn ọmọ ti ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Ràmílátù nígbà tí olùkọ́ ń kọ́ wọn lọ́wọ́. Apànìyàn ni wọ́n ń pè é. Bérénice jókòó sí yàrá rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, òun nìkan, ó rí i tí orúkọ Ràmílátù hàn, tó ń ṣẹ́jú. Ọmọ náà ń kan ilẹ̀kùn. Ojú tì í. Kò mọ irú ojú tí òun yóò fi wò ó, ó sì jẹ́ kó máa kàn. Ọmọ náà kọ̀wé wọlé pé, "Tàǹtí, mi ò lè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn." Bérénice kà á. Ọmọ náà tún kọ ọ́ pé, "Mo rí i pé ẹ wà níbẹ̀." Bérénice ka ìyẹn náà.

"Ibì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ láti lé èèyàn jáde," ni ó wí. "Mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún padà wá. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà mo nu ohun tó kọ rẹ́, mo dìde, mo lọ gbé omi tíì kaná. Mo mu tíì, Ìyá Ràmílátù. Nígbà tí ọmọ yín ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ yìí, tíì ni mo ń mu."

Ràmílátù wọ ọkọ̀ gbaka lọ sí Gonzagueville. Ó rìn dé iwájú ilé tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, ó sì jókòó sójú títì níbi tí àbúrò rẹ̀ ṣubú sí. Awakọ̀ kan tẹ bíréèkì, kò tètè mú, ọkọ̀ náà sì gbá a lẹ́sẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ attiéké ló sáré wọ́ ọ kúrò, ló bọ́ gèlè rẹ̀ di ẹsẹ̀ náà.

Ní ọsibítù, nígbà tí wọ́n bi ọmọ náà léèrè ohun tó gbé e débẹ̀, ó ní òun lọ sọ́dọ̀ Tàǹtí, Tàǹtí rí òun, ó sì lé òun jáde. Sàlíhù pe Bérénice wá síwájú ibùsùn, ó bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Bérénice ní íńtánẹ́ẹ̀tì ti lọ láàárọ̀ náà, ọmọ náà kò dé ọ̀dọ̀ òun rárá. Ó ń wo ojú ọmọ náà bó ti ń sọ ọ́. Ràmílátù tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bérénice mi orí, ó sì fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ibà ń ṣe é. Ọmọ náà kọjú sí ògiri, láti ọjọ́ náà kò sì tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Sidikatou ló kọ́kọ́ sọ pé ọmọ tó ń rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, tó tún lọ jókòó sójú títì, àìsàn rẹ̀ kì í ṣe ti dókítà. Òun ló wá bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ kàn.

"Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ń sọ pé orí rẹ̀ ti yí," ni Bérénice wí. "Mo gbé èso wá. Mo gbé èso wá kí ẹ má baà fura sí mi."

Ó parí. Ó dojú bolẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n ní Yorùbá, ó ń bẹ̀ wọ́n ní Faransé, ọ̀rọ̀ náà kò tò mọ́. Sidikatou dìde, ó ní kí wọ́n wọ́ ọ síta kí òun tó fi ọwọ́ ara òun ṣe ohun tí yóò gbé òun dé àgọ́ ọlọ́pàá. Sàlíhù kò mira. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni wọ́n.

Aṣọ ìkélé ṣí. Ràmílátù ló dúró síbẹ̀ lórí igi tó fi ń rìn, ó ti rù, ọrùn rẹ̀ gùn nínú aṣọ. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Kò wo bàbá rẹ̀, kò wo ìyá rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí mi lọ́jọ́ náà?" ni ó bi Bérénice. Ohùn rẹ̀ há, nítorí ó pẹ́ tó ti lò ó.

"Mo rí ẹ."

"Ṣé ẹ ka ohun tí mo kọ?"

"Mo kà á. Méjèèjì."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó sọ lóhùn kékeré, bíi pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, pé òun ti ń rò ó pé bóyá òótọ́ ni, bóyá orí òun ni. Ìgbà yẹn ni Sàlíhù tó dìde. Kò mọ bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó tún gbé òmíràn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tó bí, ó ní òun ti ń gbọ́ gbogbo ìkíni rẹ̀ láràárọ̀, kò sí èyí tí òun kò gbọ́. Ọmọ náà gbé ọwọ́ rẹ̀ kan kúrò lórí igi, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ léjìká kí òun má baà ṣubú.

Bérénice ṣì wà nílẹ̀. Hàbíbà tọ̀ ọ́ wá, ó ní kó dìde. Kò fi ẹ̀yin pè é mọ́.

"Ìdáríjì tí o ń tọrọ, kò sí lọ́wọ́ mi lónìí," ni Hàbíbà wí. "Mi ò mọ̀ bóyá yóò wà lọ́la. Ọmọ mi méjì ni ojú títì yẹn ti gbá. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó gbọ́ ohùn ọmọ mi, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tìrẹ. Kí o má bo ojú."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo òbí àti olùkọ́ ti rí Bérénice lórí fóònù wọn, nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó ti rún. Hugues pè é pé kó pa á rẹ́ kíákíá, kó ronú lé ọjọ́ iwájú rẹ̀. Kò pa á rẹ́. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà, Sàlíhù sì mú ẹjọ́ lọ bá àwọn tó yẹ. Bérénice ní òun yóò lọ síbikíbi tí wọ́n bá pe òun, òun yóò sì tún sọ bó ṣe rí. Àpò ẹnu ọ̀nà náà, Hàbíbà tú u, ó dá àwọn aṣọ padà sí àyè wọn. Ràmílátù ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ìyá rẹ̀. Kò tíì bèèrè Tàǹtí.

Faransé ni Bérénice fi sọ púpọ̀ nínú ohun tó fi ránṣẹ́ náà. Ó pe orúkọ ara rẹ̀, ó pe ohun tó ṣe ní orúkọ rẹ̀, kò fi Hugues ṣe àwáwí. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló fi Yorùbá sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé kan ṣoṣo ló gbọ́ ọ nínú gbogbo wọn.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó gba irú iṣẹ́ yìí," ni ó wí, "mímí kò ṣòro láti kọ́ ọmọ, ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ. Ẹ̀rù iṣẹ́ náà wà níbòmíràn. Ọmọ tó bá ti mú ìdààmú rẹ̀ wá síwájú yín ti fi ọrùn rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín, bí ọjọ́ kan bá dé tí ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ àgbà kò bá ara mu, ẹ má tètè gba ti àgbà. Àgbà ni mí. Ràmílátù, àforíjì. Mo rí ẹ. Mo wà níbẹ̀, mo sì rí ẹ."